Sẹ́ńsọ̀ Tí Wọ́n Gbé Jìnnà Sí Ooru

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan lójú ọ̀nà Ṣakí, tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa sọ ohun tí kò bá a lára mu fún òun. Agbẹ́gilódò ni nígbà tí agbára ṣì wà lára rẹ̀. Ó máa ń wọ igbó lọ yan igi, ó sì máa ń dúró ti àwọn tí ń gé e títí igi náà yóò fi wó. Nínú igbó, ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ pariwo pé kí àwọn yòókù sá kí igi tó wó. Òun ni ó ń pariwo náà. Ó ṣe é pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi rò pé bí ayé ṣe rí nìyẹn: òun a pariwo, àwọn yòókù a sá.

Nígbà tí ó dàgbà, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó jókòó sínú ilé tí ó kọ́. Ilé náà tóbi. Ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, ọmọ wọn obìnrin, ẹyọ kan tí Ọlọ́run fún wọn, a sì máa ti Ìbàdàn wá wò wọ́n. Ìyàwó yìí bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn inú rírun. Ọkùnrin náà ní àárẹ̀ ni, kí ó lọ sinmi. Ó tún ráhùn, ọkùnrin náà tún ní kí ó lọ sinmi. Nígbà tí wọ́n máa fi gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, àìsàn náà ti jinlẹ̀. Kò padà wálé mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ẹbí jókòó ní pálọ̀. Ọmọ náà ti sunkún tán. Ó wo bàbá rẹ̀ lójú, ó ní, "Bàbá, Màámi sọ fún yín. Wọ́n sọ ọ́ títí ó fi sú wọn. Ẹ̀yin lẹ ò gbọ́."

Àbúrò ọkùnrin náà obìnrin wà níbẹ̀, Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀. Nínú gbogbo ọmọ tí ìyá wọn bí, òun àti ọkùnrin yìí nìkan ló kù láyé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, òótọ́ lọmọ yìí ń sọ o. Ẹ má fajú ro sí i."

Ọkùnrin náà dìde dúró. Ó nawọ́ sí ayálégbé rẹ̀ kan tí ó jókòó nítòsí ilẹ̀kùn. Olùkọ́ ni ayálégbé náà kí ó tó fẹ̀yìn tì. Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ó sì mọ bí a ṣe ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀.

Ọkùnrin náà ní, "Láti òní lọ, ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ bá mi sọ, kó lọ sọ ọ́ fún Tíṣà. Tíṣà á yọ eegun inú rẹ̀ kó tó gbé e wá sọ́dọ̀ mi. Èmi ò ní í jẹ ọ̀rọ̀ eleegun mọ́ nínú ilé tí mo fi òógùn ojú mi kọ́."

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò dé ojú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹja lẹ pe ọ̀rọ̀ ni?"

Tíṣà fẹ́ sọ nǹkan, ṣùgbọ́n abẹ́ òrùlé ọkùnrin náà ni ó ń sùn. Ó tẹrí ba. Ó ní, "Bó ṣe wù yín ni, Bàbá Onílé."

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ bá ní ọ̀rọ̀, á pe Tíṣà lórí fóònù. Tíṣà á gbọ́ ọ, á mí kanlẹ̀, á gun àtẹ̀gùn lọ bá onílé rẹ̀ ní fàráńdà òkè. Bí ọmọ bá ní, "Ẹ sọ fún Bàbá pé mi ò lè máa wá sílé tí wọ́n ti ní kí n pa ẹnu mi dé," Tíṣà á ní, "Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ ọmọ yín. Ó ní kí n kí yín." Bí Àwẹ̀ró bá ní, "Ẹ sọ fún Ẹ̀gbọ́n mi pé ọ̀fun ń dùn mí, oúnjẹ kì í lọ mọ́," Tíṣà á ní, "Ọ̀fun ń yọ Àǹtí lẹ́nu díẹ̀." Tíṣà kì í ṣe òpùrọ́. Ohun tí ó bá sọ, ẹnì kan ló sọ ọ́ lóòótọ́, tàbí kí ó fẹ́ jọ ohun tí wọ́n sọ. Ó kàn máa ń jẹ́ kí ó tutù lọ́wọ́ òun ná kí ó tó gbé e gòkè ni.

Ọkùnrin náà ní ara tu òun. Kò sí ẹni tó ń bá a jiyàn mọ́. Àwọn tó bá wá kí i, bó bá ní òjò máa rọ̀, wọ́n á ní òjò máa rọ̀. Bó bá ní kò ní rọ̀, wọ́n á ní àwọn náà ti wò ó bẹ́ẹ̀. Wọn kì í pẹ́ kí wọ́n tó dìde. Nígbà tó yá, wọn kò wá púpọ̀ mọ́. Ó ń se iṣu fúnra rẹ̀, ó sì máa ń sè é jù, nítorí kò mọ ìwọ̀n tí ẹnì kan ń jẹ. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, á bò ó mọ́lẹ̀ lórí tábìlì. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á kó o dànù.

Ìpàdé mọ̀lẹ́bí wọn a máa wáyé ní ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ó wọ agbádá, ó lọ. Ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn wà ní ṣíṣí, wọ́n to àga síbẹ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sí àyè rẹ̀ níwájú. Ó ní àwọn èèyàn ìsinsìnyí kò ka àkókò sí. Ewúrẹ́ kan yọjú, ó wò ó, ó jáde. Oòrùn kúrò lójú fèrèsé kan, ó bọ́ sí èkejì. Òógùn bo ọrùn rẹ̀ nínú agbádá, kò sì bọ́ ọ, nítorí olórí ẹbí kì í wà láìwọṣọ iyì nígbà tí àwọn èèyàn bá ń wọlé. Nígbà tí ó padà délé, ó sọ fún Tíṣà pé mọ̀lẹ́bí àwọn ti bàjẹ́ pátápátá. Tíṣà wolẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gbé ìpàdé náà lọ sí ọjọ́ Sátidé. Wọ́n ti sọ fún Tíṣà. Tíṣà náà sì ti wá jíṣẹ́ fún un pé, "Wọ́n tún ètò ìpàdé yẹn tò díẹ̀."

Ọkọ̀ kan wà tí ọkùnrin yìí fẹ́ràn. Ọkọ̀ àtijọ́ ni, ó rà á nígbà tí owó igi ń wọlé. Ní ọjọ́ kan, iná kékeré kan tàn níwájú rẹ̀, níbi tí wọ́n ya àwòrán ẹ́ńjìnnì sí. Pípọ́n rẹ̀ dà bí ti ọsàn. Ọkọ̀ náà ń rìn dáadáa, ṣùgbọ́n iná kò kú. Ó ń wò ó bó ṣe ń lọ, ó ń wò ó bó ṣe ń bọ̀, títí inú fi bí i sí i.

Ó gbé e lọ bá mẹkáníìkì kan. Ó ní, "Bá mi pa iná yìí."

Mẹkáníìkì ní, "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wá ohun tó ń tàn án, Bàbá."

"Ṣé mo ní kí o wá nǹkan ni? Mo ní kí o pa á."

Mẹkáníìkì wo ojú rẹ̀, ó rí i pé kò sí àǹfààní nínú àlàyé. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ.

Nínú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ohun kékeré kan wà tí wọ́n dè mọ́ ara sáléńsà, páìpù tí èéfín ń gbà jáde, nítòsí ẹ́ńjìnnì, tí imú rẹ̀ yọ sínú èéfín gbígbóná. Sẹ́ńsọ̀ ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa gbọ́ òórùn ọ́síjìn tó ṣẹ́ kù nínú èéfín. Bí ó bá pọ̀ jù, á sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ pé atẹ́gùn ti ju epo lọ. Bí ó bá kéré jù, á sọ pé epo ti ju atẹ́gùn lọ. Kọ̀ǹpútà á gbọ́, á fi kún epo tàbí kí ó dín in kù. Níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kì í dáwọ́ dúró láàárín wọn.

Mẹkáníìkì náà tú sẹ́ńsọ̀ kúrò lójú ihò rẹ̀. Ó mú ìdí púlọ́ọ̀gì àtijọ́ kan, ó dá a lu, ó dè é mọ́ ojú ihò náà, ó wá de sẹ́ńsọ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn tí kò fẹ́ rí iná. Sẹ́ńsọ̀ ṣì wà lára ọkọ̀, wáyà rẹ̀ ṣì so mọ́ ọn, ẹni tó bá wò ó láti òkè kò ní mọ̀ pé nǹkan ṣe. Ṣùgbọ́n imú rẹ̀ kò dé inú èéfín mọ́. Mẹkáníìkì tú orí bátìrì, ó dá a padà. Iná náà kú.

Ọkùnrin náà gbá a lẹ́jìká. Ó ní, "Ìwọ lo mọṣẹ́."

Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ ti ń mu epo. Ó ń tú èéfín dúdú lẹ́yìn, ó ń wúkọ́ bó bá ń gun òkè. Ọkùnrin náà ní àwọn tí ń ta epo ló ń lú epo. Ó yí ilé epo padà, ó tún un yí padà. Obìnrin kan ládùúgbò, tí okùn aṣọ rẹ̀ wà nítòsí ibi tó ń gbé ọkọ̀ sí, rí i pé aṣọ funfun òun ń dúdú. Kò bá a sọ ọ́. Ó kàn tú okùn náà, ó lọ ta á sẹ́yìn ilé.

Kí òjò ọdún náà tó bẹ̀rẹ̀, Àwẹ̀ró pe Tíṣà láti Ṣakí, níbi tó ń gbé. Ohùn rẹ̀ ti ha, Tíṣà sì ní láti fi fóònù mọ́ etí gan-an kí ó tó gbọ́ ọ. Ó ní, "Ẹ sọ fún Ẹ̀gbọ́n mi pé ohùn mi ń lọ. Dókítà ní kò ní í padà. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mo fẹ́ bá a sọ, kì í ṣe èyí tí mo lè fi rán yín, ẹ má bínú. Kó wá kí ohùn mi tó tán."

Tíṣà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gun òkè lọ.

Ó ní, "Bàbá Onílé, Àǹtí ń bèèrè yín. Ì bá dára bí ẹ bá lè yà lọ wò wọ́n."

"Ṣé ó le ni?"

"Ọ̀fun yẹn náà ni. Wọ́n kàn fẹ́ fojú kàn yín."

"Kò burú. Bí mo bá ti rí epo tó dára rà, màá lọ."

Òjò bẹ̀rẹ̀. Àgbàdo hù, ó yọ ìrùkẹ̀rẹ̀. Àwẹ̀ró kò tún pe mọ́. Ọkùnrin náà sì rò pé ẹni tí kò pe, ara rẹ̀ ti yá nìyẹn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó jí, kò sì sí ibi tí yóò lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ń bọ̀. Ó gbé ọkọ̀ jáde, ó kọrí sí ọ̀nà Ṣakí. Kò tíì jìnnà sílé tí ọkọ̀ fi wúkọ́, ó gbọ̀n, ó kú sójú ọ̀nà. Àwọn ọlọ́kadà bá a tì í dé ṣọ́ọ̀bù ríwáyà kan tó wà nítòsí, ọkùnrin kan tó sanra, tí ń fi orin kíkùn sínú tún iná ọkọ̀ ṣe.

Ríwáyà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó gbọ́ òórùn, ó fọwọ́ bo imú. Ó ní, "Bàbá, epo lọkọ̀ yín ń mu àbí ó ń fi wẹ̀? Ó ń mu ún bí ẹni tó dé ibi ọ̀fẹ́."

"Àwọn onílé epo ni. Omi ni wọ́n ń dà sí i."

"Omi kì í dú báyìí." Ó ti tú púlọ́ọ̀gì kan. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ó jáde, ó na ọwọ́ tí sẹ́ńsọ̀ wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìdí púlọ́ọ̀gì tó wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Ta ló ṣe èyí fún yín?"

"Iná kan ló ń dà mí láàmú. Mo ní kí wọ́n bá mi pa á."

"Wọ́n pa á lóòótọ́."

"Ó dáa, sẹ́ńsọ̀ ti kú nìyẹn. Jù ú nù, wá òmíràn."

"Kò tíì kú. Ẹ dúró ná."

Ó fi èèmú ńlá orí tábìlì di ìdí sẹ́ńsọ̀ mú. Ó so wáyà rẹ̀ mọ́ mítà tí wọ́n fi ń wọn iná. Ọwọ́ mítà náà sùn sílẹ̀, kò mira. Ó wá tan iná gáàsì kékeré tó fi ń jó wáyà pọ̀, ó kọ ojú rẹ̀ sí imú sẹ́ńsọ̀. Èédú orí rẹ̀ jó dànù. Imú náà pọ́n. Ọwọ́ mítà gbéra nílẹ̀, ó gòkè. Ríwáyà gbé iná kúrò, ọwọ́ mítà wálẹ̀. Ó dá iná padà, ó tún gòkè.

Ó ní, "Ẹ wò ó. Ẹnu rẹ̀ mú ju tèmi lọ. Òtútù ló pa á lẹ́nu mọ́. Irú tọkọ̀ yín yìí kò ní iná tara rẹ̀ nínú, ooru èéfín ló fi ń ríran. Bí wọ́n bá gbé e síbi tó tutù, ó wà níbẹ̀ lásán ni."

Ọkùnrin náà kò fẹ́ kí ó dà bí ẹni pé òun ni ó jẹ̀bi. Ó ní, "Bí nǹkan bá wá bàjẹ́, kí ló dé tí iná ò tún tàn?"

"Ta ni kó tàn án, Bàbá? Ẹni tí ì bá sọ̀rọ̀ kí iná tàn lẹ gbé sínú òtútù."

"Kọ̀ǹpútà ńkọ́? Ta ló ń sọ iye epo tó máa dà fún un?"

"Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́. Bí kò bá gbọ́ nǹkan, á máa ṣe é bí wọ́n ṣe kọ́ ọ kó máa ṣe é bí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí láàárọ̀ tútù. Á da epo sí i dáadáa. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe èyí ló ti rò pé òwúrọ̀ ni. Oòrùn lè ti ràn kó ti wọ̀, òun ò mọ̀. Ó rò pé òun ń ṣiṣẹ́ ni."

Ọkùnrin náà jókòó sórí táyà kan. Ó ń wo ríwáyà bó ṣe ń dá sẹ́ńsọ̀ padà sójú ihò rẹ̀ gan-an, láìfi nǹkan sí àárín. Ríwáyà fọ púlọ́ọ̀gì, ó tan ọkọ̀, ó jẹ́ kí ó gbóná. Kò pẹ́, iná tó dà bí ọsàn tàn.

Ọkùnrin náà fò dìde. Ó ní, "Ṣé o rí i? Ó tún ti dé! Ìwọ lo tún bà á jẹ́ yìí!"

"Ẹ jókòó, Bàbá."

"Pa á!"

"Mi ò ní í pa á. Ó ti pẹ́ tó ti fẹ́ sọ ohun tó fẹ́ sọ yìí. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán."

Ọkùnrin náà dúró. Ó ti pẹ́ gan-an tí ẹnì kan ti sọ pé kí ó jókòó. Ó wò yíká bí ẹni tí ń wá Tíṣà. Ó jókòó.

Ríwáyà so ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ọkọ̀, ó wò ó. Ó ní, "Ó ní atẹ́gùn pọ̀ jù. Ibì kan wà tó ń wọlé tí kò yẹ." Ó tẹrí sínú ẹ́ńjìnnì, ó pa orin ẹnu rẹ̀, ó ń tẹ́tí. Ó gbọ́ ṣìì, ṣìì, lábẹ́. Ó fọwọ́ wá a títí ó fi kan rọ́bà tí ń gbé atẹ́gùn. Ó ti ya nísàlẹ̀, níbi tí ojú kò dé. Ó yọ ọ́ jáde, ó fi han ọkùnrin náà. "Ohun tó ń sọ láti ọjọ́ kìíní nìyí. Yíya rẹ̀ kò ní í tó èékánná nígbà yẹn. Ẹ wo bó ṣe gùn dé báyìí."

Ó fi rọ́bà mìíràn sí i. Ó gbé ọkọ̀ náà rìn lọ rìn bọ̀ díẹ̀. Ìró rẹ̀ balẹ̀. Èéfín ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́. Nígbà tó yá, iná náà kú láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Ọkùnrin náà wọ ọkọ̀, kò sì tan án. Ó mú fóònù, ó pe Tíṣà.

Ó ní, "Tíṣà, kí ni Àwẹ̀ró sọ ní ọjọ́ tó pè?"

"Wọ́n ní kí ẹ yà wá wo..."

"Rárá. Bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ ni kí o sọ ọ́. Má yọ nǹkan kan."

Tíṣà ní, "Bàbá Onílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

"Sọ ọ́."

Tíṣà sọ ọ́. Ó sọ pé ohùn rẹ̀ ń lọ, pé dókítà ní kò ní í padà, pé ọ̀rọ̀ kan wà tí kò lè fi rán ẹnikẹ́ni. Kò yọ nǹkan kan.

"Ìgbà wo nìyẹn?"

"Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ni, Bàbá Onílé."

Ọkùnrin náà wo ọ̀nà. Koríko etí títì ti ga ju ènìyàn lọ.

Ó wa ọkọ̀ náà dé Ṣakí láìdúró. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ṣílẹ̀kùn fún un. Kò mọ̀ pé ọmọ náà wà níbẹ̀. Ó ti gba àyè níbi iṣẹ́, ó sì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àǹtí rẹ̀ tipẹ́. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ẹ kú ìrìn." Kò fi nǹkan kan kún un.

Àwẹ̀ró wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn. Ó ti rù. Bó ti rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ojú rẹ̀ tàn, ó sì la ẹnu. Èémí nìkan ló jáde. Ọkùnrin náà sún mọ́ ọn, ó gbé etí sún mọ́ ẹnu rẹ̀. Ètè rẹ̀ ń mì, èémí gbígbóná ń kan etí ọkùnrin náà, kò sì sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Àwẹ̀ró dúró, ó kó ara jọ, ó tún gbìyànjú. Ó tún gbìyànjú. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Níkẹyìn, ó rọra fọwọ́ gbá ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bí a ti ń rẹ ọmọdé lẹ́kún, ó sì di ojú.

Ọkùnrin náà yíjú sí ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Kí ló fẹ́ sọ fún mi?"

Ọmọ náà wò ó. Ó ní, "Ṣé kí n pe Tíṣà wá, Bàbá?"

Ọ̀rọ̀ náà bà á. Kò dìde. Ó ní, "Ìwọ ni kí o sọ ọ́."

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Wọn ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n mọ̀ pé ohùn àwọn máa tán, wọn ò bá wa sọ̀rọ̀ mọ́. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń júwe omi fún mi. Wọ́n ń tọ́jú èyí tó kù dè yín. Ìgbàkígbà tí ọkọ̀ bá kọjá, wọ́n á wo ilẹ̀kùn. Ó tán ní ọjọ́ kan, wọn ò tíì sọ gbólóhùn kan nínú rẹ̀."

Ọkùnrin náà ní, "Ìwọ ńkọ́? Ṣé ìwọ náà ní tìrẹ?"

"Mo ní. Eegun ló pọ̀ nínú rẹ̀."

"Máa sọ."

Ó jókòó sórí ẹní tó wà nílẹ̀, ó jẹ́ kí ọmọ náà wà lórí àga. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ láti orí inú rírun ìyá rẹ̀. Ó sọ ọ́ pẹ́. Nígbà mìíràn ọkùnrin náà a gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ dá a dúró, á sì dá ọwọ́ náà padà sórí orúnkún. Àwẹ̀ró la ojú, ó ń wò wọ́n. Ohun tí ó fi pamọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nígbà tó kú, ó bá a wọ ilẹ̀ lọ. Títí di òní, ọkùnrin náà kò mọ̀ bóyá ìbáwí ni tàbí ìdáríjì.

Nítorí náà, ìwọ tí o ń gbọ́ èyí, wo inú ilé rẹ. Ó lè dákẹ́, kí o sì máa pe dídákẹ́ rẹ̀ ní àlàáfíà. Bí ọjọ́ bá ti pẹ́ tí ẹnì kan ti sọ ohun tó dùn ọ́ fún ọ, má yára dúpẹ́. Bi ara rẹ léèrè ibi tí o gbé wọn sí, àwọn tó máa ń sọ ọ́. Wọn lè ṣì máa jẹ́ orúkọ rẹ, kí wọ́n máa kúnlẹ̀ kí ọ, kí wọ́n máa fi ìkíni ránṣẹ́ sí ọ ní àsìkò ọdún, kí ó sì jẹ́ pé o ti gbé wọn jìnnà débi tí ẹnu wọn ti tutù. Ìwọ a sì máa fi ohun tí o mọ̀ tẹ́lẹ̀ darí ilé, o ò ní mọ̀ pé oòrùn ti yí.

Má rán ẹnikẹ́ni sí wọn. Dìde, fi ẹsẹ̀ ara rẹ lọ bá ẹni tí o ní kó pa ẹnu mọ́. Jókòó sílẹ̀ fún un. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, yóò gbóná mọ́ ọ lára, ìbínú yóò sì gbé ọ dìde. Má dìde. Tètè lọ, nítorí o kò mọ bí ohùn tó ṣẹ́ kù lọ́rùn rẹ̀ ti pọ̀ tó.